Àfonífojì Nirgal lórí Máàsì: kí ló fi hàn pé omi ló gbẹ́ ẹ?

Ọmọ-Ìràwọ̀ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àfonífojì kan ti gbà mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń lo JMARS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo máàpù àti àwòrán Máàsì. Nirgal Vallis ni, ní apá gúúsù Máàsì. Ó gùn ju 400 kìlómítà lọ, ó sì ń lọ síhà ìlà-oòrùn títí ó fi wọ inú àfonífojì mìíràn, Uzboi Vallis. Àwòrán kámẹ́rà CTX ni mo fi ń wò ó, èyí tí píksẹ́lì kan rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 6 lórí ilẹ̀. Níbi tí HiRISE, kámẹ́rà tó ń rí ohun kéékèèké jù ú lọ, bá ti ya ibẹ̀, mo máa ń ṣí tìyẹn náà.

Ohun mẹ́ta ló rú mi lójú. Ní orísun rẹ̀, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, orí wọn rí rìbìtì, ògiri wọn sì dúró ṣánṣán. Wọn kò tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀ka odò tí òjò ń bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kù díẹ̀ kó wọ Uzboi, ṣe ló ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ṣé omi kan náà ló gbẹ́ ibi méjèèjì? Lẹ́yìn náà, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ kún ilẹ̀ àfonífojì náà, wọ́n dábùú rẹ̀ láti ògiri kan sí èkejì. Ṣé ipa omi nìyẹn? Paríparí rẹ̀, àwọn kòtò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá wò wọ́n báyìí, kòtò ni. Bí mo bá tún wò wọ́n, wọ́n ti yọ síta bí òkè.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ pé omi ló gbẹ́ àfonífojì kan, pé kì í ṣe láfà (òkúta yíyọ́ tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀), pé kì í sì í ṣe ilẹ̀ ló ya?

Bọ̀dé_Awòràwọ̀ fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti kòtò tó ń di òkè, torí òun ló yá jù. Ojú èèyàn ti mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè bọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán bá ti ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, ọpọlọ lè yí gbogbo rẹ̀ padà, kí kòtò di òkè. Ẹ yí àwòrán náà po ní dígírì 180, ẹ ó rí i pé òkè yẹn á tún wọlẹ̀.

Mars Reconnaissance Orbiter, ọkọ̀ tó gbé CTX àti HiRISE, máa ń kọjá lórí ibi tó ń yà ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ti ibẹ̀. Oòrùn ti wà ní ìwọ̀-oòrùn nígbà yẹn. Nítorí náà, bí àríwá bá wà lókè àwòrán yín, ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá: ògiri inú kòtò tó wà lọ́wọ́ òsì á ṣókùnkùn, ti ọwọ́ ọ̀tún á mọ́lẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ti òkè.

Ìyá-Onímáàpù fèsì:

Ọmọ-Ìràwọ̀, o ṣé tí o mú Nirgal wá síbí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi àfonífojì kan kọ́ òun ní iṣẹ́ yìí, òun ni mo máa ń mú, torí pé gbogbo ohun tó lè tan ojú jẹ ló pé síbẹ̀.

Mi ò kì í fi àwòrán bẹ̀rẹ̀. Gíga ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mars Global Surveyor, tó dé Máàsì ní 1997, gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MOLA. Ó ń ta lésà sílẹ̀, ó sì ń ka bí ìtànṣán náà ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Ibẹ̀ la ti rí máàpù gíga gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà. JMARS á jẹ́ kó o fa ìlà láti orísun àfonífojì dé ẹnu rẹ̀, wàá sì rí i bóyá ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ tàbí ó ń gòkè. Omi kì í gun òkè. Ilẹ̀ tó ya kò ka òkè sí: lọ wo Sirenum Fossae, kó o rí bó ṣe la òkè àti kòtò kọjá gbọọrọ, tí ògiri méjèèjì jọ ń lọ lọ́gbọọgba.

Má ṣe gbára lé MOLA jù níbi tóóró o. Nínú máàpù rẹ̀ tó wọ́pọ̀, píksẹ́lì kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 463 ní ìlà agbedeméjì Máàsì. Ẹ̀ka tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á kàn parẹ́ ni. Fún irú ìyẹn, máàpù gíga tí wọ́n fi àwòrán HRSC, kámẹ́rà inú ọkọ̀ Mars Express, ṣe ni kó o wá.

Láfà ńkọ́? Ojú ihò tó ti tú jáde ni kó o wá lókè. Ipa láfà sábà máa ń ní bèbè tí láfà fúnra rẹ̀ mọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, omi tó ń gbẹ́lẹ̀ kì í mọ irú rẹ̀. Mi ò rí ojú ihò kankan ní orísun Nirgal, mi ò sì rí bèbè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, nítorí láfà lè wọ ojú ipa tó ti wà tẹ́lẹ̀. Athabasca Valles nìyẹn: láfà ló bo ilẹ̀ rẹ̀ tá à ń rí lónìí.

Ní ti orí ẹ̀ka tó rí rìbìtì, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àmì omi abẹ́ ilẹ̀ ni: ìsun á máa jẹ ìdí ògiri, ògiri á wó, orí àfonífojì á sì máa sún sẹ́yìn. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, àfonífojì kan wà tó ń jẹ́ Box Canyon, orí tiẹ̀ náà rí rìbìtì, ìsun sì ń tú jáde nídìí rẹ̀ títí dòní. Nígbà táwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2008, ohun tí wọ́n rí ni pé àkúnya omi ńlá tó já bọ́ láti orí ilẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Látìgbà náà ni mi ò ti jẹ́ kí orí rìbìtì nìkan dá ẹjọ́ kankan níwájú mi. Pé omi ló gbẹ́ Nirgal, mo fara mọ́ ọn: ó ń rẹlẹ̀ lọ, ó ní ẹ̀ka, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Pé omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ya àwòrán Warrego Valles sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o rí bí ẹ̀ka ṣe ń pọ̀ lórí ẹ̀ka níbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, òjò tàbí yìnyín tó yọ́ ni ọkàn mi ń lọ sí.

Ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ yẹn, iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni. Ògiri méjèèjì ń darí afẹ́fẹ́ gba inú àfonífojì, iyanrìn sì ń tò ní ìdábùú afẹ́fẹ́. Ṣí HiRISE, níbi tí píksẹ́lì kan ti tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, wàá rí àwọn kòtò kéékèèké tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́, tí wọ́n jókòó lórí ìlà náà. Ìyẹn fi hàn pé iyanrìn ọ̀hún ti pẹ́ tó ti dúró sójú kan.

Èyí ló sì yọrí sí ohun tó ká mi lára jù nínú iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ àfonífojì tí ò ń wò kì í ṣe ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀. Iyanrìn ti bò ó, ògiri ti wó sínú rẹ̀, àfonífojì sì ti fẹ̀ ju odò tó gbẹ́ ẹ lọ. Ní Nanedi Valles, àfonífojì fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 2.5, ṣùgbọ́n ojú odò tó yọ sí wa nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú àwòrán tí Mars Global Surveyor yà ní 1998 kò ju nǹkan bíi mítà 200 lọ. Ẹni tó bá fi fífẹ̀ àfonífojì ṣírò bí omi ti pọ̀ tó ti sọ odò tí kò sí di ńlá.

Wo ti Gusev náà. Ma'adim Vallis gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 700, inú kòtò Gusev ló já sí. Láti òkè, ohun gbogbo ń wí pé adágún odò ti wà níbẹ̀ rí. Spirit, ẹ̀rọ tó ń rìn lórí ilẹ̀ Máàsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kìíní 2004, àpáta láfà ló bá lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Àwòrán kò parọ́: àfonífojì wọ inú kòtò lóòótọ́. Ohun tó dé lẹ́yìn náà ló bo tàtijọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí o tó béèrè pé kí ló gbẹ́ ẹ, kọ́kọ́ béèrè pé nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, èwo ló ṣáájú èwo.

Ọmọ-Ìràwọ̀:

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Mo ti fa ìlà náà, ó ń rẹlẹ̀ lọ lóòótọ́ láti orísun dé Uzboi. Mo sì ti yí àwòrán po bí Bọ̀dé ṣe wí, kòtò ti di kòtò.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tó ṣáájú? Àti pé mo dé kòtò Eberswalde, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ipa odò tó wà lórí délítà ibẹ̀ (ilẹ̀ tí odò kó jọ sí ẹnu rẹ̀) yọ síta bí ògiri, bí mo tilẹ̀ yí àwòrán po, mi ò gbà pé ojú mi ló ń tàn mí.

Oǹkakòtò fèsì:

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tó gé nǹkan ló kéré lọ́jọ́ orí sí ohun tó gé. Bí kòtò bá jókòó lé ògiri àfonífojì, tí etí rẹ̀ sì pé yíká, kòtò ló dé kẹ́yìn. Bí àfonífojì bá la etí kòtò wọlé, kòtò ló ti wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹrùpẹ̀ tí kòtò tú síta náà: ṣé ó ya sínú àfonífojì, àbí àfonífojì gé e kọjá?

Fún ọjọ́ orí gan-an, kíkà ni. Ilẹ̀ tó ti pẹ́ ní kòtò púpọ̀, torí òkúta ojú ọ̀run ti ń já lù ú tipẹ́. Ọjọ́ orí òkúta tí àwọn ará Apollo kó wá láti orí Òṣùpá ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe fún Máàsì. Ẹ má ṣe ka kòtò tí kò tó píksẹ́lì mẹ́wàá. Nínú CTX, ìyẹn jẹ́ mítà 60. Ẹ sì yẹra fún kòtò tó ṣù jọ tàbí tó tò bí ìlà, nítorí òkúta tó ta jáde láti inú kòtò mìíràn ló sábà máa ń gbẹ́ irú wọn. Kòtò Zunil, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ, da àìmọye irú wọn sílẹ̀.

Wọ́n ṣì ń dé títí di ìsinsìnyí o. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2021, ẹ̀rọ InSight tó wà lórí ilẹ̀ Máàsì gbọ́ ìmìtìtì kan. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán CTX ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn wéra, kòtò tuntun tó fẹ̀ tó mítà 150 ni wọ́n rí, pẹ̀lú omi dídì funfun yí i ká. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí rẹ̀.

Ìyá-Onímáàpù fèsì:

Oǹkakòtò ti sọ ọ́ tán. Ẹ kú iṣẹ́.

Ti Eberswalde, ojú rẹ kò tàn ọ́, ọmọ mi. Odò da ohun tó le sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì gan síbẹ̀. Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ gbá ẹrùpẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú odò sì dúró gẹ́gẹ́ bí òkè tóóró. Fi òfin Bọ̀dé dán an wò: bí àríwá bá wà lókè, ọwọ́ òsì rẹ̀ á mọ́lẹ̀, òjìji á wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

O tún lè lo òjìji láti mọ bó ṣe ga tó. Nínú àkọsílẹ̀ tó bá àwòrán rìn, wá igun oòrùn, èyí tí wọ́n ń kà láti ọ̀gangan orí wá sílẹ̀. Pín gígùn òjìji pẹ̀lú “tan” (tangent) igun náà. Bí òjìji bá gùn tó mítà 300, tí igun sì jẹ́ dígírì 60, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 173. Ọ̀nà yìí dára fún kòtò náà, bí òjìji bá ti balẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kòtò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sábà máa ń jìn tó ìdá kan nínú márùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Bí tìrẹ kò bá jìn tó bẹ́ẹ̀, nǹkan ti kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní igun dígírì 60 yẹn, ògiri tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò tó dígírì 30 kò ní ní òjìji rárá, yóò kàn ṣú díẹ̀ ni. Irú ìyẹn, gíga MOLA tàbí HRSC ni kó o fi wọ̀n ọ́n.