Irinṣẹ́ wo ló ń tú nọ́ọ̀tì flywheel Ìjàpá?

Ayọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá 1600 ni mo fẹ́ tún tò. Nọ́ọ̀tì àárín flywheel (àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) kò mira rárá. Kí ni kí n wá?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm ni, àti irin tí yóò di flywheel mú kó má yí. Jọ̀ọ́, má fi òòlù lù ú! Tó o bá ń dè é padà, nǹkan bíi 340 Nm (ìwọ̀n agbára ìyí) ló ń gbà. Wá torque multiplier, irinṣẹ́ tó ń sọ agbára ọwọ́ rẹ di púpọ̀.

Dúpẹ́: Kó má gbàgbé dial gauge o, ọ̀gá, òṣùwọ̀n olójú bí aago tó ń wọn ìmira kékeré. Ìlọ síwá-sẹ́yìn crankshaft, ọ̀pá irin tí flywheel dè mọ́, gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.07 sí 0.13 mm. Ojú lásán kò lè rí ìyẹn.

Ayọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè yá multiplier?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Yá a. Dial gauge ni kó o rà.