Mo yọ àgádágodo inú dráífà, káàdì wá ń sùn

Ọmọ Àkàbà (Kétu)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mò ń tún rọ́tà kan (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣe fún cyber ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹni tó kọ dráífà Linux (ètò tó ń darí) káàdì nẹ́tíwọ́kì rẹ̀, ojora pọ̀ lára ẹ̀: ó fi àgádágodo spin_lock_irqsave (kí CPU méjì má bàa jọ fọwọ́ kan ohun kan) sínú start_xmit (tó ń fi packet ránṣẹ́), sínú poll (tó ń kó èyí tó ti parí kúrò), àti síbi tí wọ́n ti ń ka iye byte tó kọjá. Àgádágodo kan náà ni gbogbo wọn ń dù. Kernel (ọkàn Linux) sì ti máa ń fi àgádágodo ti ìlà packet kó tó pe start_xmit! Èwo wá ni ti ìlẹ̀kùn méjì bíi ti Àkàbà Ìdénà, ẹnu odi Kétu wa? Mo yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó yá sí i lóòótọ́, àmọ́ bí cyber bá kún lálẹ́, káàdì á kàn dákẹ́. NETDEV WATCHDOG (ìkìlọ̀ pé ìlà ti dúró pẹ́ jù) nìkan ni mo ń rí nínú dmesg (àkọsílẹ̀ kernel). Bí mo bá dá àgádágodo padà, kò ní dákẹ́ mọ́. Ibo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Wàǹdó (Àjàṣẹ́)
Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. CPU méjì kì í jọ wà nínú start_xmit lórí ìlà kan, àfi dráífà LLTX (tí kernel kì í bá a ti ìlà). CPU kan ṣoṣo náà ló ń ṣe poll NAPI (ọ̀nà tí kernel fi ń pe poll) kan lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé start_xmit àti poll kì í pàdé? Poll kì í di àgádágodo ìlà yẹn mú.

Wò ó. start_xmit rí i pé ring (àyè tí packet ti ń dúró de káàdì) ti kún. Kó tó pe netif_stop_queue, poll ti kó gbogbo ohun tó parí kúrò; ó wo ìlà, ìlà ṣì ń lọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni start_xmit wá dá ìlà dúró. Kò sí packet kankan nílẹ̀ mọ́ tí interrupt rẹ̀ (ìpè láti ọ̀dọ̀ káàdì) máa pe poll. Ta ni yóò jí i?

Lẹ́yìn netif_stop_queue, fi smp_mb() (tí kì í jẹ́ kí CPU da kíkọ àti kíkà rú) sí i, kí o tún ring wò. Bí àyè bá ti wà, ṣí ìlà padà. Nínú poll, kọ́kọ́ kọ ibi tí o kó packet dé, fi smp_mb() tẹ̀lé e, kí o tó wò bóyá ìlà ti dúró.

Ìyá Ìbejì (Ṣábẹ̀ẹ́)
Lockdep (irinṣẹ́ kernel tó ń wá àṣìṣe àgádágodo) kò lè bá ọ rí irú èyí o. Àgádágodo tó wà nílẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé CPU ARM 32-bit ni rọ́tà náà ń lò? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iye byte 64-bit á máa ya sí méjì lójú ẹni tó ń kà á. u64_stats_sync (ohun tí kernel ní fún irú kíkà yìí) ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò àgádágodo ibẹ̀, ẹ má kàn fi í sílẹ̀ lásán.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)
32-bit ni, mà. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Iná lọ lálẹ́ àná, kpayo (epo fàyàwọ́) la rà sí jẹnẹrétọ̀ kí n lè dán an wò. Àwọn ọmọ gba fídíò títí ilẹ̀ fi mọ́, káàdì ò sùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ní kí n má fọwọ́ kan rọ́tà òun mọ́.