Igi inú ọgbà n'Ílọrin àti gúúsù Kwara: ọwọ́ ta ni àṣẹ wà, báwo la ṣe ń gé e?

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ilẹ̀, Táńkẹ̀

Ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ láti gé igi. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: ta ló ni igi náà? Igi lè wà láàárín ọgbà èèyàn n'Ílọrin níbí kó má jẹ́ tirẹ̀.

Ayálégbé ò láṣẹ láti gé igi àfi kí onílé fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ò tó. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dárúkọ igi náà àti apá ibi tó wà nínú ọgbà, kó fọwọ́ sí i, kó sì kọ déètì sí i. Ilé ẹbí tún le ju ìyẹn lọ. Igi tí bàbá àgbà gbìn sí agboolé, ti gbogbo ọmọ ni. Bí mọ́gàjí nìkan bá ní kẹ́ ẹ gé e, tí ẹnì kan sì ti ìdí-igi kejì (ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó mìíràn nínú ẹbí) yọ láti Èkó lọ́la, ọ̀rọ̀ á di ti àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ gba ìfọwọ́sí olórí ẹbí, kẹ́ ẹ sì gba ti àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ìjà pọ̀ sí jù ni ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń gé ní púlọ́ọ̀tì báyìí, irúgbá, emi tí a ń rí òrí lára rẹ̀ àti kajú sì ṣì wà lórí rẹ̀. Nínú àṣà wa, ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀ láti fi dáko kì í gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ síbẹ̀ láìgbàyè, nítorí igi ni ẹ̀rí pé èèyàn ló nilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó tà á fi máa ń sọ pé ilẹ̀ làwọn tà, àwọn ò ta irúgbá àwọn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé ìwé náà sọ ọ́ kedere pé ilẹ̀ àti gbogbo igi tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n tà.

Ẹ ṣọ́ra fún pèrègún. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pèrègún ni ààlà. Ẹni tó bá hú u ti yẹ ààlà, ohun tí aládùúgbò rẹ̀ máa sọ nílé ẹjọ́ nìyẹn. Bó bá di dandan kó kúrò, ẹ pe sọfíyọ̀ kó wá fi bíkìn (òpó kékeré tó ń fi ààlà hàn) sílẹ̀ lójú àwọn méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Igi tó wà létí títì, lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín, kì í ṣe tiyín, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ òfin wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń ka òfin Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọgbà àti igi, ló ń fún èèyàn láṣẹ láti gé igi, wọ́n á wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1992 fún àwọn aláṣẹ ètò ìlú lágbára láti dáàbò bo igi, ṣùgbọ́n lọ́dún 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ètò ìlú Kwara lẹ máa lọ bí gígé igi náà bá jẹ mọ́ ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ya púláànù ya àwọn igi ńlá sínú rẹ̀, kó sì fi hàn èyí tó máa dúró àti èyí tó máa kúrò. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá bẹ ibi iṣẹ́ wò.

Aṣọ́gbó tó ti fẹ̀yìn tì, Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀ka igbó, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igi àti igbó, kún un, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Igi gẹdú àti igi tó ń mówó wá ni aṣọ́gbó ń tẹjú mọ́ jù: ìrókò, ọ̀gánwó, irúgbá, emi, àti apẹpẹ táwọn oníṣòwò ń pè ní kósò. Láti ọdún 2017 ni kósò ti wà lábẹ́ àdéhùn CITES, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣàkóso òwò ewéko àti ẹranko tó wà nínú ewu, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á sí òkèèrè láìgbàwé. Bí igi yín bá jẹ́ máńgòrò tàbí dóńgóyárò lásán, ẹ ṣì yà sí ọ́fíìsì ẹ̀ka igbó tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìyẹn máa gbà yín.

Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ igi náà, iye rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì, àti ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ gé e. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò méjì sí i, ọ̀kan láti òkèèrè kí wọ́n lè rí bí ó ṣe súnmọ́ ilé, ọ̀kan láti ìdí igi. Bí igi bá ti ń jẹrà, ẹ ya fọ́tò ihò náà tàbí olú tó hù lára rẹ̀. Aṣọ́gbó á wá wò ó. Yóò wọn àyíká igi níwọ̀n mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 30 sókè láti ilẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n fúnra yín: ẹ fi okùn yí i ká, ẹ na okùn náà lórí tépù, kẹ́ ẹ sì fi 3.14 pín in. Igi tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 220 fẹ̀ tó 70. Irú igi àti bó ṣe tóbi tó ló ń sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ẹ gba rìsíìtì ìjọba. Owó tẹ́ ẹ fi léni lọ́wọ́ lábẹ́ igi ò lè gbèjà yín.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, aṣọ́gbó á fi òòlù ìjọba lu àmì sí kùkùté, á sì lù ú sára ìtì igi náà. Àmì yẹn ni wọ́n ń wá lójú ọ̀nà. Ohun tó ń bàjẹ́ ni pé èèyàn á gbàwé láti gé igi, á gbàgbé pé ìwé àtikó o kúrò tún wà lọ́tọ̀. Ìtì ọ̀gánwó á wọ ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ń lọ sí sọ́míìlì n'Ílọrin, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, igi á sì di ti ìjọba. Bí agégi bá sọ pé òun á gé e lọ́fẹ̀ẹ́ kóun kó igi lọ, ẹ mọ̀ pé orúkọ yín ló wà lórí ilẹ̀ tí igi náà ti kúrò.

Igi òrìṣà náà wà. Ìrókò tàbí àràbà tí wọ́n wé aṣọ funfun mọ́, tàbí akòko tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ joyè, ẹ má gé e láìjẹ́ pé ẹ ti dé ààfin tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Ìwé ìjọba lọ́wọ́ ò ní kí ìlú má bínú.

Òṣìṣẹ́ wáyà iná, Ọ̀fà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi yìí, torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Wáyà 11kV àti 33kV (kV ni wọ́n fi ń wọn agbára iná tó wà nínú wáyà) ní ààyè tiwọn, mítà 11 lápapọ̀, ìyẹn mítà márùn-ún ààbọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ti 132kV jẹ́ mítà 30, ti 330kV jẹ́ mítà 50. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé sí agbègbè Gànmọ́, níbi tí ibùdó iná 330kV wà, ẹ wọn ilẹ̀ yín dáadáa. Bí igi bá wà nínú ààyè yìí, tàbí tí orí rẹ̀ lè débẹ̀ bó bá ṣubú, kì í ṣe iṣẹ́ agégi nìkan mọ́.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, tó súnmọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà tàbí orúkọ tiransifọ́mà, àdírẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà àti wákàtí tó máa gbà. Ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè ni pé kí wọ́n pa iná ìlà yẹn, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ (earthing) kí iná tó bá ṣèèṣì wọ̀ ọ́ lè wọlẹ̀ lọ, kí òṣìṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ìlà 132kV àti 330kV kì í ṣe ti IBEDC, TCN, iléeṣẹ́ tó ń gbé iná ńlá káàkiri Nàìjíríà, ló ni ín.

Ẹ má sọ láé pé, "NEPA ti mú iná lọ, ẹ jẹ́ ká yára." Wọ́n lè dá iná padà nígbàkígbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí kejì le ju ìyẹn lọ: bí aládùúgbò bá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé láìsí ṣéńjófà, iná rẹ̀ lè padà gba wáyà jáde sí ìta, tiransifọ́mà á sì sọ ọ́ di iná ńlá lórí ìlà gíga. Ìdí tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ka tútù ń gbé iná, okùn tó ti rin náà ń gbé e. Bí ẹ̀ka bá ti wà lórí wáyà, ẹ má fi igi gígùn tì í, kódà bó jẹ́ ọparun gbígbẹ. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kẹ́ ẹ sì pe IBEDC.

Agégi, Ìlọrin

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà. Ó ku iṣẹ́ gan-an.

Ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kejì ló dára jù. Ilẹ̀ ti le, ewé ti dín lórí àwọn igi kan, ìjì ò sì tíì dé. Láti oṣù kẹta ni atẹ́gùn tó ń ṣáájú òjò ti ń wó igi lórílé. Bí igi yín bá ti tẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń là lápá kejì gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má dúró de ẹ̀rùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ gíga igi. Ẹ mú ọ̀pá kan tó gùn tó àlàfo láti ojú yín dé ọwọ́ tẹ́ ẹ nà. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí ọ̀pá náà á fi bo igi láti ìdí dé ṣóńṣó. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni orí igi máa dé bó bá ṣubú síhà yín. Kí ẹnikẹ́ni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ wà ní ìlọ́po méjì ibẹ̀. Nínú ọgbà púlọ́ọ̀tì kan, ó ṣọ̀wọ́n kí ààyè tó láti gé igi ńlá lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ńṣe la ń gé e láti òkè bọ̀.

Ẹ fetí sí ìtì igi kẹ́ ẹ tó gun ún. Bí oyin bá wà nínú ihò, ẹ pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oyin kí wọ́n wá kó o lálẹ́. Ẹ má da pẹtiróòlù sí i.

Ẹni mẹ́ta ló kéré jù: ẹni tó gùn, ẹni tó di okùn mú, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀. Okùn tó nípọn mílímítà 12 sí 16 la ń lò. A ó yí i mọ́ ìdí igi mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí ìwúwo ẹ̀ka má fa ẹni tó dì í mú. Ẹ má di okùn mọ́ òpó fẹ́ǹsì tàbí bọ́ńpà ọkọ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ gé e láti ìsàlẹ̀, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gé e láti òkè. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ̀ka á ya, á fa èèpo wálẹ̀, á sì fì lu ẹni tó wà lórí igi. Ẹ má lo ẹ́ńjìnnì ìgégi lórí àkàsọ̀.

Ìtì tó bá kù tí ààyè sì wà fún un: ẹ gé ẹnu sí ìhà tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣubú sí, kó jin tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú igi. Fún igi tó fẹ̀ ní 70, ìyẹn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Lẹ́yìn náà ẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún ga ju ìsàlẹ̀ ẹnu náà lọ, ẹ má sì gé e já. Ẹ fi igi bíi sẹ̀ǹtímítà méje sílẹ̀ láàárín. Èyí tó kù yẹn ló ń darí igi bó ṣe ń ṣubú. Ẹni tó bá gé e tán, igi á yí síbi tó wù ú. Kẹ́ ẹ sì ti la ọ̀nà àsálà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, sẹ́yìn, kó sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Igi tó ti tẹ̀ gan-an lè là sókè kó gbá agégi láyà, ẹ má fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ pé 50:1, mílílítà 100 ọ́ìlì sí lítà márùn-ún pẹtiróòlù nìyẹn. Ọ́ìlì ṣéènì wà lọ́tọ̀. Oje kajú àti ti máńgòrò ń bó awọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì fi igi kajú tútù dáná níbi téèyàn wà.

Kí àdéhùn yín pẹ̀lú agégi wà lórí ìwé: ta ló ni igi, ta ló máa kó ẹ̀ka dànù, ṣé kùkùté wà nínú owó náà, ta ló máa tún páànù ṣe bó bá fọ́. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ mú ìdajì dání títí ọgbà á fi mọ́.

Lọ́yà kan, Ìlọrin

Ti ẹ̀ka igi aládùúgbò ló kù. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Lemmon àti Webb, gba èèyàn láyè láti gé ẹ̀ka tó kọjá sórí ilẹ̀ rẹ̀, kó má sì ré ààlà kọjá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà aládùúgbò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gun igi náà. Ti onígi ni ẹ̀ka náà àti máńgòrò tó wà lórí rẹ̀, ẹ kó wọn fún un. Ẹ sọ fún un ṣáájú, bí òfin ò tilẹ̀ ní kẹ́ ẹ sọ ọ́, torí ẹ ṣì máa jọ gbé. Bí igi rẹ̀ bá ti ń jẹrà tó sì ń halẹ̀ mọ́ ilé yín, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ fi fọ́tò sí i, kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Lẹ́tà yẹn ni ẹ̀rí pé ó mọ̀ nípa ewu náà kó tó ṣubú.

Agégi, Ìlọrin

Mo gbàgbé kùkùté. Mẹlínà àti dóńgóyárò á tún rú. Ẹ gé e súnmọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn apakoríko onígláífósétì sí etí rẹ̀ yí ká, lábẹ́ èèpo, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ gé e tán. Bó bá ti gbẹ, kò ní wọlé mọ́. Ẹ má ṣe é bí kànga bá wà nítòsí. Ẹ hú u dípò bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi ilẹ̀ dí ihò náà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti wọ abẹ́ fáńdéṣọ̀n, ẹ gé e níta ògiri, kẹ́ ẹ fi èyí tó wà lábẹ́ sílẹ̀.