Àbọ̀ ọ̀rọ̀ màmá mi: a ti mọ ohun tó ń ṣe inú wọn

Màmá mi ní Ọ̀fà, tí mo gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín nípa wọn tẹ́lẹ̀, tí oògùn ọgbẹ́ inú kò ràn, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń dínkù, ti ṣe endoscopy (fífi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo inú) ní Ìlọrin. Ẹni tó ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára awọ òkè àti ìsàlẹ̀ àpòlúkù sínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìmọ̀ràn tiyín ló yọrí. Ìsàlẹ̀ dára, ti òkè ló ti fẹ́lẹ́. Autoimmune gastritis ni: ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń ba awọ náà jẹ́. Kò sí H. pylori, kòkòrò tó máa ń fa ọgbẹ́ inú. Abẹ́rẹ́ B12, fítámìn tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sókè, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ṣì máa ń kú díẹ̀. Ní ti àgbo tí a mẹ́nu bà tẹ́lẹ̀, màmá ò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Dókítà ní ká tún wo inú wọn lọ́dún 3 sí i, torí kókó lè hù níbẹ̀. Ẹ ṣeun.