Kí lẹ rà sílé tó ti dá owó ara ẹ̀ padà?

Màmá Bọ̀ìsì, Ìkòròdú: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Tèmi ni kílípà. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí, Ìgbógbó níbí là ń gbé, 500 ni bábà ọ̀dọ̀ wa ń gbà lórí ọmọ kan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lorí wọn sì ń kún, ẹ ṣirò ẹ̀, 3,000 lóṣooṣù, a ò tíì ka orí bàbá wọn mọ́ ọn. Mo ra kílípà tó ń lo ṣájì ní Sábó, 18,000, oṣù mẹ́fà ló fi pa owó ẹ̀. Ká sòótọ́, owó gan-an kọ́ ló dùn mọ́ mi jù, làpálàpá tó máa ń yọ lórí àbíkẹ́yìn mi ni, torí kílípà kan náà ni wọ́n fi ń gẹrun gbogbo àdúgbò. Tèmi, tí mo bá ti gẹ̀ ẹ́ tán, mo máa gbọn irun kúrò lẹ́nu ẹ̀, mo máa fi sípírítì nù ún, mo sì máa kán òróró ẹ̀rọ sí i. Àkọ́bí nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó lóun ò gẹ irun màmá mọ́. Mo ní kó lọ fowó ara ẹ̀ gẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́: Fírísà o! Ìdájí ni mo máa ń lọ ọjà Olúwo, ọjọ́ tí ẹja bá ya dáadáa ni mo máa ń rà á, mo máa fọ̀ ọ́, mo máa dì í sínú ọ̀rá níwọ̀n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ata náà bẹ́ẹ̀, mo máa lọ̀ ọ́, mo máa sè é kí omi ẹ̀ gbẹ. Nígbà tí tòmátì wọ́n bí ojú láàárín 2024 yẹn, èmi ń jẹ ti inú fírísà mi ni.

Bọ̀dá Ọ̀dọ̀gunyàn: Fírísà kẹ̀? Pẹ̀lú irú iná tí Nẹ́pà ń fún wa níbí? Ẹja yẹn á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kún ni. Èyí tó kún máa ń pa òtútù mọ́ ju èyí tó ṣófo lọ. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà dí àyè tó bá ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ wá kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n yéé ṣí i wo kiri.

Àǹtí Télọ̀, Badagry: Sólà kékeré ni tèmi, ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ájàrà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, tí lítà kúrò ní bíi 185 tó fò sókè kọjá 480, gbogbo èrè aṣọ ló ń bá èéfín lọ. Mo dá àjọ, mo fi ra pánẹ́ẹ̀lì kan àti bátìrì. Fáànù, gílóòbù àti fóònù àwọn kọ́sítọ́mà ló ń gbé, kò lè gbé áyọ́ọ̀nù o, èédú ni mo ṣì fi ń lọ aṣọ. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa nu eruku orí ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣájì dáadáa.

Bọ̀dá Ọ̀dọ̀gunyàn: Ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, gílóòbù LED ni. Wọ́ọ̀tì 9 ń ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀tì 60. Gílóòbù márùn-ún fún wákàtí mẹ́fà, yúnìtì kan ààbọ̀ lẹ ti gbà sílẹ̀ lóòjọ́. April 2024 tí wọ́n gbé yúnìtì kan fáwọn Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná ó kéré tán wákàtí ogún lóòjọ́, láti 68 náírà sí 225, ìyẹn ju 10,000 lọ lóṣù kan nígbà yẹn!

Màmá Bọ̀ìsì, Ìkòròdú: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò síná lẹ tún ń ka yúnìtì 😂

Bọ̀dá Ọ̀dọ̀gunyàn: Ilé ẹ̀gbọ́n mi n'Ìkẹjà ni mo ti rí i jàre. Àǹtí Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì yẹn, ámúpù mélòó ni? Alábà ni mò ń lọ lọ́la.