Mo fẹ́ fi iṣẹ́ máíkírósíkóòpù jẹun: ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni kí n tọ̀?

Ọmọbìnrin Ọ̀ṣun béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ Anatomy, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe rí, ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá, mo sì ń ṣe oyè másítà lọ́wọ́ níbẹ̀. Kíndìnrín eku ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé, mò ń wo ohun tí májèlé òjé ń ṣe fún un. Èmi fúnra mi ni mo ń fi ẹ̀rọ gé e ní pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́, tí mò ń tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè nà dáadáa, tí mò ń fi síláìdì gbé e, tí mo sì ń fi aró hematoxylin àti eosin pa á láwọ̀. Nígbà tí mo bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá, tí àwọn òpó tín-ín-rín inú kíndìnrín náà bá hàn ketekete, kò tún sí iṣẹ́ mìíràn tó wù mí láyé.

Ẹ̀ka wa ní máíkírósíkóòpù fluorescence kan, irú èyí tó ń jẹ́ kí ohun tí a fi àwọ̀ pàtàkì sàmì sí máa tàn nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n gílóòbù inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi ṣe fi àwọn síláìdì mi ránṣẹ́ sí láàbù kan lókè òkun. Wọ́n ya àwòrán wọn, ó dára gan-an, wọ́n sì ti ń kọ àpilẹ̀kọ ìwádìí lé e lórí. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí, ibi ìdúpẹ́ ni orúkọ mi wà, kò sí láàrin àwọn òǹkọ̀wé. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà sí wa kò sì ju ohun tí a lè wò lójú fóònù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ǹjẹ́ ènìyàn lè fi máíkírósíkóòpù ṣe iṣẹ́ oṣù láìjẹ́ pé ó di olùkọ́ yunifásítì tàbí dókítà? Ṣé dandan ni kí n kúrò nílẹ̀ yìí kí n tó kọ́ ọ dójú àmì? Báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ orúkọ mi fún olùkọ́ mi, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, tí kò fi ní dà bíi pé ìjà ni mò ń wá?

Ìyá Ìbejì, Scotland, dáhùn pé:

Àbúrò mi, iṣẹ́ náà wà, òun gan-an ni mò ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kó àwọn máíkírósíkóòpù olówó gọbọi jọ sí ibùdó kan tí gbogbo olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ náà ń lò, wọ́n á sì gba àwọn onímọ̀ síbẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀rọ, láti máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń lò ó, láti gba olùwádìí nímọ̀ràn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti láti bá a yẹ ohun tó rí wò bóyá òótọ́ ni. Àwọn kan nínú wa ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn kan kò ní. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, bíi Zeiss, Leica, Nikon àti Evident tó gba iṣẹ́ Olympus, ń gba àwọn tó ń fi ẹ̀rọ han oníbàárà àti àwọn tó ń tún un ṣe.

Mo ti jókòó níbi tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí lẹ́nu wò, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wá. A lè gbé lẹ́ǹsì méjì síwájú ẹni, tí méjèèjì ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 40, tí a kọ 0.65 sára ọ̀kan, tí a kọ 0.95 sára èkejì, kí a wá bi í léèrè èwo ni yóò mú àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé nọ́ńbà 0.65 tàbí 0.95 yẹn ni ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì ń gbà ti pọ̀ tó, àti bí ohun tó lè fi hàn ti kéré tó, ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Ernst Abbe ní Jámánì ti ṣàlàyé láti ọdún 1873 pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ààlà: ohun méjì tí kò jìnnà síra tó nǹkan bí 200 nanomita (mílíọ̀nù kan nanomita ló wà nínú mílímítà kan) yóò dà pọ̀ di ọ̀kan, bó ti wù kí a sọ àwòrán náà di ńlá tó. Àwọn tó rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn ààlà yẹn kọjá, Eric Betzig, Stefan Hell àti William Moerner, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. Síbẹ̀, ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ẹni tí kò bá mọ máíkírósíkóòpù lásán lò dáadáa kò ní rí ohunkóhun gbà lọ́wọ́ èyí tó gbówó lórí.

O kò nílò owó láti kọ́ ìpìlẹ̀ yìí. Àwọn fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí iBiology ṣe lórí máíkírósíkóòpù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti orí bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tẹ̀ nínú lẹ́ǹsì títí dé orí àwọn ẹ̀rọ tuntun. Bí o bá parí wọn, o lè wá wo àwọn ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ti ilé ìwádìí EMBL ní Heidelberg ní Jámánì tàbí ti ilé ìwádìí MBL ní Woods Hole ní Amẹ́ríkà, kí o sì béèrè ìrànwọ́ owó tí wọ́n ń fún àwọn tó bá yege.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ gílóòbù yẹn ni mo fẹ́ dá sí, nítorí láti ìgbà tí mo ti wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ àrùn ara ni mo ti ń rí i bí ẹ̀rọ tó dára ti ń di pẹpẹ eruku. Ó dá mi lójú tán pé gílóòbù mercury ni. Kì í lò ju nǹkan bí 200 sí 300 wákàtí lọ, kò sì fẹ́ kí a máa tàn án kí a máa pa á. Bí a bá tàn án, a máa ń fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ó bá kú, ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó tún un tàn. Wá wo iná mànàmáná tiwa tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà mẹ́ta láàrin wákàtí kan: ta ni gílóòbù yẹn fẹ́ bá gbé? Sọ fún ẹ̀ka yín kí wọ́n má ra òmíràn. Kí wọ́n wá orísun ìmọ́lẹ̀ LED tó bá ara máíkírósíkóòpù náà mu. Ó wọ́n ju gílóòbù kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè lò ju 10,000 wákàtí, pípa àti títàn kò pa á lára, ínfátà kékeré sì lè gbé e.

Àwọn lẹ́ǹsì náà ńkọ́? Ní ìgbà òjò, lẹ́ǹsì máa ń bu, nǹkan funfun tín-ín-tín-ín á máa hù sójú gíláàsì rẹ̀, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, á jẹ ojú lẹ́ǹsì náà tí kò ní ṣeé nù mọ́. Kó wọn sínú àpótí tó dé dáadáa pẹ̀lú àwọn horo silica gel tó ń fa ọ̀rinrin, kí o sì máa yan horo náà gbẹ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà. Nígbà ọyẹ́, má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lójú lẹ́ǹsì. Fẹ́ ẹ dànù ná, nítorí iyanrìn wà nínú eruku yẹn. Àwọn tó mọ ìtọ́jú yìí kò pọ̀ nílẹ̀ wa rárá, mo sì fi dá ọ lójú pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní wá iṣẹ́ tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Cape Town dáhùn pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni ẹ̀rọ ńlá wà. Africa Microscopy Initiative ní ibùdó kan ní Yunifásítì Cape Town tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí wọ́n bá gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé kò ní san owó ẹ̀rọ, wọ́n sì máa ń gbé ìnáwó ìrìn àjò àti ilé gbígbé. Ohun tí wọ́n máa wò ni ìbéèrè ìwádìí tó ṣe kedere àti ẹ̀rí pé ẹ ti ṣètò ohun tí ẹ fẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ náà dáadáa nílé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín bá yín kọ ìwé náà, kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ètò físà, kí ẹ sì rí i pé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú wà lọ́wọ́ yín, torí wọn kì í gba aláìní-káàdì láti Nàìjíríà wọlé ní South Africa.

Abánikàwòrán, Èkó, dáhùn pé:

Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ti sọ̀rọ̀, àfi ibì kan. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí a ti ń ya àwòrán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣòro tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn láàbù tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ní àwòrán rẹpẹtẹ tí wọn kò mọ bí a ti ń wọ̀n. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ti tó fún ìyẹn. Fiji, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn àwòrán, tí wọ́n kọ́ lórí ImageJ ti Wayne Rasband, jẹ́ ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni CellProfiler, àti QuPath tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Belfast fún síláìdì àrùn ara irú èyí tí ẹ̀ ń gé gan-an. Bí ẹ kò bá ní àwòrán fluorescence, ẹ lọ sí Image Data Resource tàbí BioImage Archive, àwọn ibi tí wọ́n ń kó àwòrán ìwádìí pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba ti àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀, kí ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí kíndìnrín yín. Ẹ ya àwòrán síláìdì tí wọ́n fi ìlà pín mílímítà kan sí ọ̀nà 100, kí ẹ fi mọ iye máíkírómítà (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan) tó wà nínú píkísẹ́lì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀là kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, lórí lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wọn ìbú àwọn glomerulus, ìyẹn àwọn ìṣùpọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín, ti eku tó jẹ òjé àti ti èyí tí kò jẹ ẹ́, láìmọ èyí tí ẹ̀ ń wọ̀n títí ẹ ó fi parí. Irú fáìlì TIFF ni kí ẹ máa fi àwòrán pamọ́ sí, ẹ má fi í sí JPEG tó ń rún àwòrán, ẹ má sì fi àwòrán ìwádìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwòrán lásán, nítorí yóò rún un, ìwọ̀n inú rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbára lé mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: nígbà tí Elisabeth Bik, onímọ̀ tó ń yẹ àwòrán ìwádìí wò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àpilẹ̀kọ 20,621 wò ní ọdún 2016, wọ́n rí i pé àwòrán tó tún ara rẹ̀ ṣe lọ́nà tó mú iyèméjì wá wà nínú 3.8% wọn.

Olùkọ́ Àgbà dáhùn pé:

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kẹta ló ká mi lára jù. Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí à ń pè ní ICMJE ti fi ìlànà lélẹ̀: òǹkọ̀wé ni ẹni tó kópa gidi nínú èrò iṣẹ́, tàbí nínú kíkó ẹ̀rí jọ, tàbí nínú títúmọ̀ rẹ̀, tó kópa nínú kíkọ tàbí àtúnṣe pàtàkì, tó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, tó sì gbà láti dáhùn fún iṣẹ́ náà. Wọ́n tún sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé, pé ẹni tó bá ti ṣe ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti ṣe èyí tó kù. Ìwọ lo gé e, ìwọ lo pa á láwọ̀, iṣẹ́ másítà rẹ sì ni. Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ. Lọ bá olùkọ́ rẹ lójúkojú ní ọ́fíìsì, kí o sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kọ apá tó sọ bí a ti ṣe àwọn síláìdì náà, kí n sì bá yín wo èsì rẹ̀.” Kì í ṣe ohun tí àgbà máa kọ̀. Nígbà tí o bá ti kọ ọ́ tán ni kí o wá fi ìlànà ICMJE hàn án tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Má ṣe kọ̀wé sí àwọn ará òkè òkun lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ iwájú, kí síláìdì kankan tó kúrò nílẹ̀, kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀: ta ni yóò kọ ọ́, ta ni yóò ní ẹ̀dà àwòrán gidi láti inú ẹ̀rọ, ìgbà wo ni síláìdì yóò padà, ṣé ẹnìkan láti ẹ̀ka yín sì lè lọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ya á. Ìwé ojú kan ti tó. Àwọn láàbù tó níwà kì í bínú sí i.

Ọmọbìnrin Ọ̀ṣun fèsì pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ kò ní ṣàárẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ mi. Wọ́n ní kí n kọ apá náà wá kí oṣù tó parí, wọ́n sì ti béèrè fáìlì gidi lọ́wọ́ àwọn tó ya á. Àwọn ará láàbù náà dáhùn pé fáìlì .czi, irú èyí tí ẹ̀rọ Zeiss ń fi àwòrán pamọ́ sí, ni, ó sì tóbi gan-an. Dátà mi kò lè gbé e. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Scotland, dáhùn pé:

Fiji á ṣí .czi fún ọ nípasẹ̀ Bio-Formats, irinṣẹ́ tó ń ka oríṣiríṣi fáìlì àwòrán, tó wà nínú rẹ̀, má fòyà. Kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní OMERO, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àwòrán máíkírósíkóòpù, ní láàbù wọn. Bí wọ́n bá ní in, kí wọ́n fún ọ ní àyè láti wọlé, wàá lè máa wo àwòrán náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí o bá fẹ́ wọ̀n nìkan ni kí o wá gbà. Bí wọn kò bá ní in, kí wọ́n kó o sínú háàdì dírífù, kí wọ́n fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú àwọn síláìdì yín tí wọ́n ń dá padà.