Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí: oògùn kan àbí méjì?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkéré-Èkìtì fẹ́ jáwọ́ nínú ògógóró, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, inú mi sì dùn gan-an. Àmọ́ tí kò bá mu ún láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà mí, torí dídá ọtí dúró lójijì lè fa gìrì.

Dókítà dárúkọ naltrexone, oògùn tó ń dín ìfẹ́ ọtí kù. Wọ́n ní ká fi acamprosate, oògùn mìíràn fún jíjáwọ́ nínú ọtí, kún un, ṣùgbọ́n ìwádìí Amẹ́ríkà kan lọ́dún 2006, tí wọ́n fi ènìyàn 1,383 ṣe, kò rí i pé àpapọ̀ méjèèjì dára ju naltrexone nìkan lọ. Ó tún ń lo tramadol fún ẹ̀yìn dídùn, ìyẹn kò sì bá naltrexone rìn rárá!

Ta ló ti tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé ilé ìwòsàn lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ fi rọ́pò tramadol?